Òkúta Tó Dé Òkè Téńté

Ó ti di ọdún 16 báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní Físíìsì n'Íbàdàn. Ìdánwò tí mo ti ṣe fún wọn ti pọ̀ débi pé n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dùn mí lónìí ni pé ó pẹ́ kí n tó rí i pé púpọ̀ nínú ìbéèrè mi kò bi ọmọ kankan léèrè ohun tó gbà gbọ́. Ohun tó há sórí ni mò ń bi í.

Òkúta wẹ́wẹ́ kan ló là mí lójú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò mọ́ọ̀kì ni. Mo jókòó ti tábìlì nílé lálẹ́, mo ń fi bírò pupa máàkì, mo sì dé orí ìwé ọmọbìnrin kan tí gbogbo àwa olùkọ́ mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Ó gba 43 nínú 50 nínú ọ́bìjẹ́ẹ̀tìfù. Nínú tíọ́rì, ó kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Newton sílẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì bàbá rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè gangan ní eré 20 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pé ibo ló máa ga dé? Ó fi g, ìyẹn bí fífà ilẹ̀ ṣe ń yí eré nǹkan padà tó, sí 10, ó ṣírò rẹ̀, ó rí 20 mítà, ó kọ yúníìtì rẹ̀ sí i, ó fàlà sábẹ́ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀ ni mo fún un. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, mo bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn kíláàsì. Èmi náà ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, mo jù ú sókè, mo sì hán an.

"Nígbà tó dé òkè téńté, tó fẹ́ máa padà bọ̀ yìí, ipá wo ló wà lára ẹ̀?" Yorùbá ni mo fi bi í, torí a ò sí nínú kíláàsì.

"Kò sí ipá kankan lára ẹ̀ níbẹ̀, Mà. Agbára tí ẹ fi jù ú ti tán. Ìyẹn ló jẹ́ kó dúró díẹ̀."

"Nígbà tó ń lọ sókè ńkọ́?"

"Agbára ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, Mà. Ó kàn ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni."

Àwọn mẹ́ta yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà ti mi orí. Bẹ́ẹ̀, bí òkúta bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ọwọ́ ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Tí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ tó ń fara kàn án kúrò, ipá kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fà á. Ipá yẹn wà nígbà tó ń lọ, ó wà nígbà tó dé téńté, ó wà nígbà tó ń bọ̀. Kò lé, kò dín. Òun ni 10 tí ọmọ yẹn fi sínú ìṣirò rẹ̀ dúró fún, kò sì yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Bírò rẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

N kò lè bá a wí. Ohun tó sọ yẹn, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ti sọ ọ́ rí. Philoponus ní Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kẹfà kọ ọ́ pé ẹni tó ju nǹkan ń fi agbára kan sínú rẹ̀, agbára náà á sì máa tán lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Buridan ní Párìsì tún fẹ́ ọ̀rọ̀ náà lójú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó ku ọ̀pọ̀ ọdún kí Galileo àti Newton tó tú u palẹ̀. Ọmọ tí a bá ní kó fi tẹ́ọ̀mù kan ṣoṣo rìn ọ̀nà tí ayé fi ẹgbẹ̀rún ọdún rìn, tó bá dúró lágbede méjì, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà dá kún un. Agbára la fi ń pe ohun tí ìwé Físíìsì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ń ti nǹkan tàbí tó ń fà á, èyí tó wà nípamọ́ nínú epo àti oúnjẹ, èyí tí ẹ́ńjìnì fi ń yára parí iṣẹ́. A máa ń ní agbára bátìrì ti tán, agbára bàbá ti ń relẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí ọmọ tó ń gbọ́ èyí láti kékeré sọ pé agbára òkúta ti tán? Láti ìgbà náà ni mo ti fi "ipá" sọ́tọ̀ fún títì àti fífà nìkan, mo sì máa ń ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ń tì í tàbí ohun tó ń fà á. Bí wọn ò bá rí ẹnikẹ́ni dárúkọ, kí wọ́n yọ ipá náà kúrò nínú àwòrán wọn. Ìbéèrè kékeré yẹn ti ṣe fún mi ju bí mo ṣe ń kọ òfin sára bọ́ọ̀dù lọ.

Mo wá rí i nígbà tó yá pé àwọn kan ti gba ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú mi. Ní 1992, David Hestenes, Malcolm Wells àti Gregg Swackhamer gbé ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Force Concept Inventory. Kò sí ìṣirò kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, ìdáhùn márùn-ún márùn-ún lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tọ̀nà, mẹ́rin yòókù sì jẹ́ irú ohun tí àwọn ọmọ máa ń fẹnu ara wọn sọ. Eric Mazur, tó ń kọ́ Físíìsì ní Harvard, rò pé ìdánwò bẹ́ẹ̀ á rọrùn jù fún àwọn ọmọ tòun. Nígbà tó gbé e fún wọn, ọ̀kan nínú wọn bi í pé báwo ni kóun ṣe dáhùn, ṣé bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn ni, àbí bí òun fúnra òun ṣe máa ń rò ó? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, mo rántí òkúta mi.

Ní 1998, Richard Hake, olùkọ́ Físíìsì mìíràn ní Amẹ́ríkà, kó èsì irú ìdánwò yìí jọ láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ 6,542 ní kíláàsì 62. Níbi tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ ń dà á kọ, nínú 100 tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 23 ni wọ́n mọ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ parí. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kan nǹkan, ó tó 48. Ìlọ́po méjì nìyẹn, kì í sì í ṣe owó ńlá ló mú un wá.

Mo mú ọ̀kan nínú irú ìbéèrè yẹn, mo gbé e wá sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Tírélà àti dánfó forí gbárí. Èwo ló fi ipá tó pọ̀ jù lu èkejì? Ọmọ 38 ló wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà. Àfi méjì, gbogbo wọn ní tírélà ni, wọ́n sì fẹ́ẹ̀ bínú pé mo tún ń béèrè. Mo ní kí wọ́n ka òfin kẹta Newton fún mi. Wọ́n kà á ní ohùn kan ṣoṣo: ipá méjèèjì dọ́gba. Mo ní, ṣé ó ti tán? Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ kan wá ní, "Mà, ṣé bí dánfó ṣe máa ń rún wómúwómú yẹn náà ni ẹ ń pè ní dọ́gba?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ká ní tírélà wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, kí dánfó jẹ́ tọ́ọ̀nù 2. Ipá kan náà ló ba àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyípadà tó bá eré dánfó jẹ́ ìlọ́po 15 ti tírélà. Awakọ̀ tírélà lè má ju kí ó fì síwájú díẹ̀. Àwọn tó wà nínú dánfó ni gbogbo ìyípadà yẹn bá lára. Ìṣẹ́jú ogójì la lò lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fi ohun tó kù nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀.

N kò sọ pé kí WAEC kógbá sílé o. Àjọ tó ń máàkì fún ọmọ tó pọ̀ tó báyìí kò lè máa ju òkúta fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá kan tiẹ̀ wà nínú ìdánwò wọn tí mo fẹ́ràn gan-an, òun ni práktíkà: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, ìbéèrè 3, kí ọmọ ṣe 2 níbẹ̀, máàkì 50. Okùn, rúlà mítà, gíláàsì, bátìrì, ámítà. Níbẹ̀ ló yẹ kí ọmọ ti fojú ara rẹ̀ rí nǹkan. Ṣùgbọ́n a ti sọ òun náà di àkọ́sórí. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ ìṣọ́ra méjì tó ṣe. Mo ti máàkì ìwé práktíkà mọ́ọ̀kì kan rí níbi tí ọmọ kọ ọ́ pé òun pa fáànù kí afẹ́fẹ́ má baà gbé péńdúlọ́ọ̀mù òun kiri. Kò sí fáànù nínú yàrá tó jókòó sí. Gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé ìmáàkì, mo sì fún un ní máàkì rẹ̀. Títí dòní, ó ń dà mí láàmú pé mo fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti péńdúlọ́ọ̀mù kan tó múnú mi dùn. Okùn mítà kan, irin kékeré kan nídìí rẹ̀. A ní kí wọ́n jẹ́ kó fì lọ fì bọ̀ nígbà 20, kí wọ́n ka àkókò, kí wọ́n fi wá g. Ọmọkùnrin kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú u sílẹ̀, ó tẹ aago, ó ké "ọ̀kan!" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó ké "ogún!" aago wà lórí ìṣẹ́jú-àáyá 38.1. Ó ṣírò, ó rí g ní 10.9. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ fà ro. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti rí 9.8 géérégé, ó sì ti ń fa gráàfù. Mo wo ìwé ẹni 9.8. Ó ti mú ìdáhùn, ó ṣírò padà sẹ́yìn, ó kọ àkókò tó yẹ kí aago sọ. Kò fì nǹkan kan. Sísè ni wọ́n ń pè é nínú láàbù: ó se èsì.

Mo bi ẹni 10.9 pé, "Nígbà tí o ké ọ̀kan, ìgbà mélòó ló ti fì lọ fì bọ̀?" Ó wo okùn náà. Ó tún wò ó. Ó ní, "Kò tíì lọ níbì kankan, Mà." Ó padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. 40.1. Ó rí 9.8 tirẹ̀. Nínú ìdánwò, ẹni tó se èsì ni ì bá gba máàkì jù nínú àwọn méjèèjì.

Ní ti ìgbì, tí ìró jẹ́ ọ̀kan lára rẹ̀, ọmọkùnrin kan wà ní SS2 tí wọ́n jẹ́ àyàn nílé bàbá rẹ̀. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n sọ ohun tí ìró okùn tó le gbagidi fi ń lọ sókè sódò. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Odo ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ àjọ̀dún àṣà, mo rí i tó fi gángan sábíyá. Mo ní kó lù ú fún mi lẹ́ẹ̀kan láìfún osán, kó tún lù ú bó ti ń fún un. Ohùn gòkè.

"Kí ló yí padà?"

"Awọ ló le sí i, Mà. Osán ló ń fà á lójú méjèèjì. Bí awọ bá ti le, gbígbọ̀n ẹ̀ á yára." Ó mú ìka mi, ó gbé e lé ojú kejì ìlù, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ lu ojú àkọ́kọ́ kí n lè mọ̀ ọ́n lára. Ó ní tí òjò bá ń rọ̀, awọ á dẹ̀, wọ́n á máa yá a sí oòrùn tàbí iná kó tó le padà.

Ipá àti ìgbì nìyẹn, méjèèjì lábíyá ọmọ tí mo fún ní odo. Gẹ̀ẹ́sì ìbéèrè yẹn ló dí i lójú. Mo mú un wọ kíláàsì, mo kọ fọ́múlà sára bọ́ọ̀dù, mo ní bó bá fẹ́ kí gbígbọ̀n yára ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mélòó ló gbọ́dọ̀ fi kún fífà? Ó ní méjì. Mo fi hàn án pé mẹ́rin ni. Kò jiyàn. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀, ó ń lù ú, ó ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó lè jẹ́ òótọ́ o, Mà. Ohùn òkè máa ń gbowó lọ́wọ́ apá ẹni." N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìlọ́po mẹ́rin báyẹn rí.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Ifẹ̀ ní 1970, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Wọn ò dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ó wù mí kí wọ́n ti dé ibẹ̀.

Mànàmáná ni mo fi ń sọdá láti ìgbì sí iná. Mo máa ń béèrè pé nínú mànàmáná àti àrá, èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Wọ́n á ní mànàmáná. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kàn tètè dé ni, ìró sì ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú-àáyá 3 láàárín méjèèjì, ó ti tó kìlómítà kan sí ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n fẹ́ràn èyí, wọ́n á lọ kà á nílé.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ló le jù. Iná tó ń ṣe bàìbàì nírọ̀lẹ́, "háàfù kọ́rẹ́ǹtì" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Fólítéèjì, ohun tó ń ti iná gba inú wáyà, ló wálẹ̀. Nínú gílóòbù, òótọ́ ni pé kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, náà dín kù. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò fíríìjì tó ń ti ẹrù, kọ́rẹ́ǹtì lè pọ̀ sí i bí fólítéèjì bá wálẹ̀, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, á sì jó. Ìyá tó pa fíríìjì rẹ̀ nígbà háàfù kọ́rẹ́ǹtì ṣe ohun tó tọ́ gan-an.

Nítorí náà ni mo ṣe ra gílóòbù méjì ti ayé àtijọ́ ní Dùgbẹ̀, 60 wáàtì àti 100 wáàtì. Mo so wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí pákó kan, mo sì fi fíúsì sí i. Kí iná tó dé, mo ní kí olúkúlùkù kọ ọ́ sórí bébà: èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Mo ti pinnu báyìí pé n kò ní fi nǹkan kan han kíláàsì kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò tíì sọ tirẹ̀ á wò ó tán, á ní òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wọn kọ 100. Iná dé ní nǹkan bí aago kan ku díẹ̀, mo tan án. 60 pọ́n rẹ́súrẹ́sú, 100 kò ju wáyà pupa kan lọ nínú gíláàsì. Ariwo sọ. "Mà, ẹ ti pààrọ̀ wọn!" Mo pa á, mo ní kí wọ́n wá ka ohun tó wà lára gílóòbù kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò ó fúnra wọn. Ní 240 fólítì, rẹsísítáǹsì 60 wáàtì, ìyẹn bó ṣe ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà tó, jẹ́ 960 óòmù, ti 100 sì jẹ́ 576. Kọ́rẹ́ǹtì kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, torí náà ibi tó ti ṣòro jù fún un láti kọjá ló ti ń gbóná jù. Ọmọ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ rẹ̀wáyà mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wá lọ́jọ́ kejì, ó fi wọn 60 yẹn nígbà tó tutù. Ohun tó rí kò tó ìdá mẹ́wàá 960. Ó rò pé mítà ẹ̀gbọ́n òun ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé kò bàjẹ́: wáyà inú gílóòbù kò tó 960 àfi nígbà tó bá gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ọmọbìnrin olókùúta mi wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ti ń jáde, ó ní, "Mà, tí a bá wá so 60 mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ńkọ́?" Ẹyọ 60 kan ṣoṣo ni mo ní, iná sì ti lọ. Mo fún un ní bébà. Ó kọ ọ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mọ́lẹ̀ dọ́gba, 80 fólítì ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, 6.7 wáàtì. Ó dúró díẹ̀, ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó máa lé ní 6.7 díẹ̀, torí wọn ò ní gbóná tó, rẹsísítáǹsì wọn ò sì ní tó 960.

Mo ti ra 60 méjì sí i lọ́jọ́ Sátidé. Bébà rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Bí iná bá wà lọ́la, òun ni yóò so wọ́n, èmi ni màá tan án.